Gbígba orin sórí ẹ̀rọ ní ọ̀nà tó bófin mu

Gbígba orin sórí ẹ̀rọ ní ọ̀nà tó bófin mu ni kí ènìyàn gba ẹ̀dà orin kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni orin náà, tàbí nígbà tí òfin bá ti sọ pé orin náà kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, dáńlóòdù ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè é. Orin bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a san owó fún, ó sì lè jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó kọ́ ni òfin fi ń ya èyí tó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tọ́, àṣẹ ni. Àwọn orin ọ̀fẹ́ wà tí olórin fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìkànnì ti wà tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ olùgbọ́ láìsí àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni orin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùgbọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé àwọn ọ̀nà tó bófin mu tí kò sì wọ́n wà. Ó kan olórin pẹ̀lú, àti àwọn ọmọ olórin tó ti di olóògbé, nítorí pé ẹ̀tọ́ orí orin kì í bá ẹni tó kọ ọ́ wọ sàréè.

## Ìtumọ̀ àti oríṣi

Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa orin orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà tí ènìyàn gbà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ pátápátá. Fáìlì orin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, áàpù èyíkéyìí lè mú un dún, ó lè dà á kọ sórí fóònù tuntun, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láti gbọ́ ọ. Èyí gan-an ni dáńlóòdù ní ìtumọ̀ rẹ̀ tó péye.

Ìkejì ni orin tí a pa mọ́ sínú áàpù. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù fún Spotify, Apple Music tàbí Boomplay lè pa orin mọ́ láti máa gbọ́ ọ láìlo dátà. Fáìlì náà wà nínú fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n áàpù yẹn nìkan ló lè ṣí i. Spotify, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè pé kí fóònù padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30; bí owó oṣù bá sì tán, orin tí a pa mọ́ kò ní ṣeé gbọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì dà bí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kọ́lé àti ẹni tó gba ilé gbé: àwọn méjèèjì ní orùlé lórí, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa san owó ilé.

Ìkẹta ni sítíríìmù, ìyẹn gbígbọ́ orin lójú ẹsẹ̀ bí ó ṣe ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀. Olùgbọ́ kò ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́ lẹ́yìn tí orin bá dún tán.

Ẹ̀tọ́ méjì sì ni ó wà nínú orin kọ̀ọ̀kan tí a ti ká sílẹ̀. Èkíní ni ẹ̀tọ́ orí orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, tí ó jẹ́ ti ẹni tó ṣe àkójọ orin náà. Èkejì ni ẹ̀tọ́ orí àwo, ìyẹn ohùn tí a ká sílẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde. Nítorí náà, olórin lè jẹ́ gbajúmọ̀ kí àwo rẹ̀ má sì jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola, ọ̀gá nínú orin àpàlà, àti I. K. Dairo, onijùjú, dá ilé iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀. Òun ni a ń kà sí ilé iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí àwọn olórin fúnra wọn ni.

## Ìtàn

Fáìlì MP3 ni ó sọ orin di ohun tó rọrùn láti fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Fraunhofer ní ìlú Erlangen, ní Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 1995 ni wọ́n yan «.mp3» gẹ́gẹ́ bí ìparí orúkọ fáìlì náà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ó ń yọ àwọn ohùn tí etí ènìyàn kò lè tètè mọ̀ kúrò, tí orin yóò fi kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ìwọ̀n tí ó ní lórí CD, bí a bá lo ìwọ̀n 128 kbps.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, Napster bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè mú orin láti inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìsan owó, láìsí àṣẹ olórin. Àwọn ilé iṣẹ́ àwo gbé e lọ sí kóòtù, a sì ti í pa ní oṣù keje ọdún 2001. Ẹjọ́ náà parí, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé àwọn olùgbọ́ fẹ́ ra orin kan ṣoṣo láìra odindi àwo, àti pé wọ́n fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀.

Apple ṣí iTunes Store ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2003 pẹ̀lú orin 200,000, tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ńtì 99. Àwọn orin náà ní ohun tí a lè pè ní àgádágodo díjítà, tí orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ń jẹ́ DRM: ìwọ̀nba kọ̀ǹpútà ni ó lè mú wọn dún. Ewu àgádágodo yìí hàn gbangba ní oṣù kẹrin ọdún 2008, nígbà tí Microsoft kéde pé òun yóò dẹ́kun fífún àwọn orin tí ilé ìtajà MSN Music ti tà ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ti sanwó kò ní lè gbé orin rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà fárígá, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú di ọdún 2011. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, Amazon di ilé ìtajà àkọ́kọ́ tó ń ta orin àwọn ilé iṣẹ́ àwo ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí àgádágodo, Apple sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2009. Láti ìgbà náà, orin tí a rà pátápátá ní àwọn ilé ìtajà ńlá kì í sábà ní àgádágodo mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹ́ olórin Radiohead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwo In Rainbows jáde lórí ìkànnì wọn, wọ́n sì ní kí olùrà kọ̀ọ̀kan san iye tó bá wù ú, àní bí kò bá san nǹkan kan. Ó jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn kedere pé orin lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ó sì bófin mu, nítorí pé ẹni tó ni ín ló yọ̀ǹda rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, àwo, kásẹ́ẹ̀tì àti CD ni wọ́n kọ́kọ́ gbòde. Ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, di ibùdó tí orin ti ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ojúlówó àti ayédèrú lórí àtẹ kan náà. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀pọ̀ olórin ń fi orin tuntun wọn ránṣẹ́ sí àwọn ìkànnì tó ń gbé orin jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ṣe ìpolówó, eré orí ìtàgé ni wọ́n sì ti ń retí owó. Àṣà yìí wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ gbà pé gbogbo orin tí wọ́n bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2015 ni Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi sínú fóònù Tecno láti ilé iṣẹ́. Spotify dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021.

## Ohun tí òfin sọ

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin náà, ẹ̀tọ́ orí orin wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó ṣe é àti ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ orí ohùn tí a ká sílẹ̀ wà fún ọdún 50. Òfin náà tún fún ẹni tó ni orin ní àyè láti kọ̀wé sí ìkànnì tó gbé orin rẹ̀ síta láìgbàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Àpẹẹrẹ méjì lè mú kí èyí yéni. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930), tí í ṣe bàbá bàbá Fela Kuti, lọ sí London ní ọdún 1922, ó sì ká àwọn orin ìsìn ní èdè Yorùbá sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé ní òpin ọdún 2000, ọdún 50 tí òfin fún àwo sì ti kọjá tipẹ́. Ní Nàìjíríà, àwọn orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe àti àwọn àwo àkọ́kọ́ náà ti di ohun ìní gbogbo ayé.

Ti Haruna Ishola yàtọ̀. Àwo rẹ̀ Oroki Social Club jáde ní ọdún 1971. Bí a bá ka ọdún 50 láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ orí ohùn tí a ká sílẹ̀ parí ní òpin ọdún 2021 ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọdún 1983 ni Ishola kú, nítorí náà ẹ̀tọ́ orí orin tó kọ wà títí di òpin ọdún 2053, àwọn àrólé rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n bá gbé e fún ni wọ́n sì ni ín. Ẹni tó bá rí àwo náà tó sì rò pé ó ti gbó ju ohun tí ènìyàn ń gbàṣẹ lé lórí lọ ti gbàgbé ẹ̀tọ́ kejì.

Iye ọdún wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 sọ pé àwo tí a tẹ̀ jáde ṣáájú ọdún 1923 di ohun ìní gbogbo ayé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ti ọdún 1923 tẹ̀ lé e ní ọdún 2024. Àwọn àwo tí a tẹ̀ jáde láàárín ọdún 1923 sí 1946 ní ọdún 100, ti ọdún 1947 sí 1956 ní ọdún 110, ààbò orí àwọn tó jáde lẹ́yìn ìyẹn títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972 yóò sì wà títí di ọdún 2067. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 70 ni a ń kà fún àwo, ṣùgbọ́n àwọn àwo tó jáde ṣáájú ọdún 1963 ti bọ́ kúrò lábẹ́ ààbò kí àfikún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó wà ní Èkó, èyí tó wà ní London àti èyí tó wà ní Chicago lè máa wo àwo kan náà kí òfin sì máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ibi tí ènìyàn wà ni yóò kọ́kọ́ wò.

## Àwọn ọ̀nà ọ̀fẹ́

### Orin tó ti di ohun ìní gbogbo ayé

Orin tí ẹ̀tọ́ méjèèjì orí rẹ̀ ti parí kò ní olówó mọ́. Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣí àkójọ kan tó ń jẹ́ National Jukebox ní ọdún 2011 fún àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìkànnì Musopen ń kó orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù bíi Beethoven jọ, èyí tí àwọn afunpè àti atẹdùùrù ti yọ̀ǹda ohùn wọn. Ìkìlọ̀ kan ni pé bí orin Beethoven tilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹgbẹ́ tó fi ohun èlò kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀.

### Orin tó ní ìwé àṣẹ Creative Commons

Àjọ Creative Commons, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ṣe àwọn ìwé àṣẹ tí olórin lè so mọ́ orin rẹ̀, wọ́n sì gbé àwọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2002. Lẹ́tà méjì-méjì ni a fi ń mọ ìlànà inú wọn:

- BY: dárúkọ olórin.
- NC: má fi ṣòwò.
- ND: má yí i padà.
- SA: bí o bá yí i padà, fi irú àṣẹ kan náà sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹni tó kàn fẹ́ gba orin náà kí ó máa gbọ́ ọ kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ fi í sí abẹ́ fídíò ìpolówó ọjà ni ó gbọ́dọ̀ wo NC dáadáa. Jamendo, ccMixter àti Free Music Archive, tí ilé iṣẹ́ rédíò WFMU ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, wà lára ibi tí a ti lè rí irú orin bẹ́ẹ̀.

### Orin tí olórin fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda

Lórí Bandcamp, olórin ló ń dá iye owó orin rẹ̀, ó sì lè fi í sí òdo. Lórí SoundCloud, bọ́tìnnì ìgbàsẹ́rọ máa ń hàn lábẹ́ orin bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá ti ṣí i sílẹ̀. Audiomack, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2012 tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà ń lò, ń gba olùgbọ́ láàyè láti pa orin mọ́ sínú áàpù. Àkójọ Live Music Archive ti Internet Archive, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ní ohùn eré orí ìtàgé àwọn ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àwọn olólùfẹ́ wọn máa pín in.

### Ilé ìkàwé

Àwọn ilé ìkàwé ìlú kan ní Amẹ́ríkà ń san owó fún iṣẹ́ tó ń jẹ́ Freegal. Ẹni tó ní káàdì irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ lè gba ìwọ̀nba orin sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ láìsan nǹkan kan, tí fáìlì MP3 náà yóò sì di tirẹ̀. Ilé ìkàwé ti sanwó fún olórin lórúkọ rẹ̀.

## Àwọn ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú

Ríra orin ní ẹyọ ẹyọ ni ó rọrùn jù. Bí àwo kan bá ní orin mẹ́wàá tí mẹ́ta péré sì wu ènìyàn, kò sí ìdí láti san owó mẹ́wàá. Ọ̀nà yìí tún ní àǹfààní kan tí àwọn olólùfẹ́ orin jùjú lè rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo King Sunny Adé àti Ebenezer Obey ti àwọn ọdún 1970 ni orin inú wọn so pọ̀ mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan dé òpin rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta irú ojú àwo bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin kan, ẹni tó bá ra «orin kan» ti ra nǹkan bí ìdajì àwo.

Bandcamp, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008, ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tí a bá tà, èyí tó ń wálẹ̀ sí ìdá 10 bí ọjà olórin bá ti kọjá 5,000 dọ́là láàárín ọdún kan. Láti oṣù kẹta ọdún 2020, ó ti ń ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí kì í mú ìdá tirẹ̀. Olùrà lè yan MP3 tàbí FLAC, ó sì lè padà wá gba orin rẹ̀ bí fóònù bá sọnù.

Owó oṣooṣù fún Spotify, Apple Music tàbí Boomplay dára fún ẹni tó ń gbọ́ orin púpọ̀ tí kò sì fi dandan lé e pé kí orin di tirẹ̀. Náírà ni wọ́n fi ń gba owó náà lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Nàìjíríà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ní ọdún 2022 àwọn báńkì Nàìjíríà kan dá lílo káàdì náírà fún ọjà òkèèrè dúró, èyí tó mú kí ríra orin ní dọ́là ṣòro.

CD àlòkù náà jẹ́ ọ̀nà kan. Ní Jámánì, òfin gba ènìyàn láàyè láti ṣe ẹ̀dà CD rẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba gbà á láàyè ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ṣùgbọ́n kóòtù wọ́gi lé e ní oṣù keje ọdún 2015.

## Ìwọ̀n fáìlì àti owó dátà

Orin ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ tán bí dátà bá wọ́n. MP3 tó wà ní 128 kbps ń gba nǹkan bí 1 MB fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà ní 320 kbps, tí ohùn rẹ̀ mọ́ jù, ń gba 2.4 MB. Orin tó wà ní ìwọ̀n CD láìfún un pọ̀ ń gba ju 10 MB lọ fún ìṣẹ́jú kan. FLAC, tó jáde ní ọdún 2001, ń fún ìwọ̀n CD pọ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò nínú ohùn, ṣùgbọ́n ó ṣì tóbi ju MP3 lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú àwo jùjú kan tó gba ìṣẹ́jú 18. Ní 128 kbps, yóò jẹ nǹkan bí 17 MB. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá ní sítíríìmù yóò jẹ nǹkan bí 170 MB. Ẹni tó gbà á sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan jẹ 17 MB péré, bó bá tilẹ̀ gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún. Fún orin tí ènìyàn mọ̀ pé òun yóò máa padà sí, dáńlóòdù tó sanwó fún lè wá dín owó ju sítíríìmù ọ̀fẹ́ lọ.

Ìṣirò yìí ní apá ti olórin pẹ̀lú. Spotify ń ka orin sí èyí tí a gbọ́ bí ó bá ti dún fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, gígùn rẹ̀ kò sì fi kún iye náà. Níbi tí orin ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ti pa iye kan, ojú àwo jùjú ìṣẹ́jú 18 tí a gbé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin kan kò ní pa ju iye kan náà lọ. Fún àwọn olórin tí orin wọn gùn, ẹ̀dà kan tí a rà níye lórí ju ọ̀pọ̀ ìgbà tí a gbọ́ ọ lọ.

## Bí a ṣe ń dá ibi tó bófin mu mọ̀

Ìtàn ìkànnì méjì fi hàn pé ojú lè tan ènìyàn jẹ. AllofMP3 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ń ta orin ní ìwọ̀n MB, ní iye tó kéré gan-an sí ti iTunes. Ó ní ojú ewé tó dára, ó ń gba káàdì, ó sì ń sọ pé òfin Rọ́ṣíà gba òun láàyè. Àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní àwọn kò fún un láṣẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ìjíròrò láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà lórí ìṣòwò àgbáyé ní ọdún 2006, a sì ti í pa ní ọdún 2007. Ìkejì ni youtube-mp3.org ti Jámánì, tó ń yọ ohùn kúrò nínú fídíò YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ó kógbá wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Àdéhùn YouTube fúnra rẹ̀ kò gba dáńlóòdù láàyè, àyàfi níbi tí YouTube bá ti pèsè ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lè ran olùgbọ́ lọ́wọ́:

- Ǹjẹ́ ojú ewé olórin fúnra rẹ̀ tàbí ti ilé iṣẹ́ àwo rẹ̀ tọ́ka sí ìkànnì náà?
- Ǹjẹ́ a kọ ìwé àṣẹ orin náà síbẹ̀, bíi «CC BY» tàbí gbólóhùn tó sọ pé ó jẹ́ ohun ìní gbogbo ayé?
- Ǹjẹ́ a kọ orúkọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àti ọdún tí àwo jáde?
- Ǹjẹ́ ìkànnì náà ń sọ pé kí a kọ́kọ́ fi áàpù tí a kò mọ̀ sínú fóònù kí orin tó wọlé? Orin kò nílò irú rẹ̀, ọ̀nà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà fi ń wọlé sì ni.

## Àríyànjiyàn

Ọ̀rọ̀ àwọn àwo àtijọ́ ni ó le jù. Ọ̀pọ̀ àwo àpàlà, sákárà àti jùjú ni ilé iṣẹ́ tó gbé wọn jáde ti kógbá wọlé, tí kò sì sí ibi tí a ti ń tà wọ́n mọ́. Àwọn olólùfẹ́ orin tó ní wọn nílé ń gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má baà parun. Iṣẹ́ ìpamọ́ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ̀tọ́ orí orin bá ṣì wà, owó ìpolówó tó ń wọlé lórí fídíò bẹ́ẹ̀ lè máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní àwo lójú pósí ilé rẹ̀, kí àrólé ẹni tó kọrin má sì gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn ilé ìpamọ́ ńlá pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Universal, Sony àti àwọn ilé iṣẹ́ àwo mìíràn pe Internet Archive lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ Great 78 Project, èyí tó ń sọ àwọn àwo eléyíká 78 di fáìlì díjítà. Ilé ìpamọ́ náà ní ìpamọ́ àti ìwádìí ni iṣẹ́ náà wà fún; àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní ọ̀pọ̀ nínú orin náà ṣì wà lórí àtẹ. Àwọn méjèèjì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní ọdún 2025.

Fún olùgbọ́ tó ń wá irú àwo bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó kù ni láti wò ó bóyá ilé iṣẹ́ kan ti tún un gbé jáde pẹ̀lú àṣẹ, láti ṣírò ọdún ẹ̀tọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ti Ransome-Kuti àti ti Haruna Ishola lókè, tàbí láti wá ìdílé olórin kàn. Níbi tí ìdílé tàbí ilé iṣẹ́ àwo bá ti gbé àwọn orin náà sórí ìkànnì tiwọn, ríra ẹ̀dà kan níbẹ̀ ni ọ̀nà tó kúrú jù láti mú kí owó dé ọ̀dọ̀ wọn.